Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ìdajì Owó Oṣù Táwọn Aṣojú-ṣòfin Yọ̀ǹda Lọ́dún 2024

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2024, àwọn ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá fẹnu kò pé àwọn á yọ̀ǹda ìdajì owó oṣù àwọn fún oṣù mẹ́fà gbáko. Benjamin Kalu, igbákejì abẹnugan Ilé, ló bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tó gbé síwájú wọn kò le rárá: ₦600,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù, bí kálukú bá fi ₦300,000 sílẹ̀, tí gbogbo àwọn 360 sì ṣe é, ₦108 mílíọ̀nù ni yóò máa kó jọ lóṣooṣù, kí wọ́n fi wá oúnjẹ fáwọn tí ebi ń pa. Wọ́n gbà á wọlé.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìdí ni pé nígbàkígbà táwa aráàlú bá ń jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n gé owó àwọn olóṣèlú nígbà tí nǹkan le, ojú àánú àti ìbínú la fi ń wò ó. A kì í ṣí ìwé ìṣirò. Oṣù Keje yẹn fún wa láyè láti ṣí i, torí àwọn aṣòfin fúnra wọn ló dárúkọ iye.

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú náà ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù méjì kò tíì pé tí lítà epo tó wà lábẹ́ ₦200 fi ré kọjá ₦600. Oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 lójú ìwé ìjọba ti ń lọ sí ₦1,500 nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2024. Àjọ NBS tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba sọ pé ní oṣù Kẹfà 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà wà ní ìdá 34.19 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ nìkan sì jẹ́ 40.87. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù oúnjẹ tí ìyàwó ilé fi ₦1,000 rà lọ́dún tó ṣáájú, nǹkan bíi ₦1,409 ló fẹ́ gbà báyìí kó tó gbé e. Owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, níbi tí wọ́n fi í sí ní 2019 ló ṣì wà: ₦30,000.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ ní òkèèrè tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Kẹ́ńyà já wọ ilé aṣòfin wọn ní Nairobi nítorí owó orí tuntun. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ William Ruto jáwọ́ nínú òfin náà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, òun kan náà ló tún ní kí wọ́n dá àfikún owó oṣù tó yẹ kó bọ́ sápò àwọn aṣòfin dúró. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjọ́ fún ara wọn: ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ìfẹ̀hónúhàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀hónúhàn tó ń bọ̀ yìí gan-an ni Ilé ń jíròrò lọ́jọ́ tí Kalu bẹ̀ wọ́n.

Mi ò sọ pé ẹ̀rù nìkan ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó sáré ra agboòrùn nígbà tí òjò ti ṣú, kò lè ní kí á máa pe òun ní ọlọ́gbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀.

₦600,000 yẹn, ta ló là á sílẹ̀?

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 70, sọ pé owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí àjọ RMAFC bá là sílẹ̀ ni aṣòfin yóò gbà. Àjọ yìí kan náà ló ń mójú tó bí owó àpapọ̀ ṣe ń pín láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Nítorí náà, lójú òfin, kò sí aṣòfin tó lè jókòó fúnra rẹ̀ kó kọ iye tó wù ú síwájú orúkọ ara rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ìpinnu Ilé, àjọ náà gbé tábìlì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí. Ó ní ₦1,063,860 ni sẹ́nétọ̀ kan ń gbà lóṣù, àtowó oṣù àtàjẹmọ́nú. Ẹ bá mi wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó oṣù gangan jẹ́ ₦168,866. Owó epo ọkọ̀ àti ìtọ́jú ọkọ̀, ₦126,650. Owó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, iye kan náà. Owó aṣọ, ₦42,216. Owó ìwé ìròyìn, ₦25,330. Owó tó jẹ mọ́ ẹkùn tó ń ṣojú fún ló pọ̀ jù, ₦422,166. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni owó àtúnṣe ilé: ₦8,443. Ẹ pe kápẹ́ńtà lọ́la kí ẹ ní kó wá bá yín wo òrùlé tó ń jò, kí ẹ gbọ́ iye tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà kó tó gun àkàbà.

Tábìlì àtijọ́ ni. Bí ọdún 2007 sí 2008 ni wọ́n ti to iye wọ̀nyí, nígbà tí náírà ṣì jẹ́ náírà. Kò sí ẹni tó gbà pé irú owó yìí ló ń gbé ìgbésí ayé tí à ń rí ní Àbújá, àwọn tó ń gbà á pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura nìyẹn. Bí iye tó wà lójú ìwé bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń kígbe láàárín àwọn tó ń gbà á, àpò mìíràn wà níbì kan.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àpò kejì

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Shehu Sani, tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Kàdúná ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà náà, la ẹnu sọ ohun tí àwọn yòókù kì í sọ. Ó ní yàtọ̀ sí owó oṣù tó jẹ́ nǹkan bíi ₦750,000, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ₦13.5 mílíọ̀nù lóṣù tí wọ́n ń pè ní owó ìnáwó ọ́fíìsì. Ó ní dandan ni kí wọ́n mú rìsíìtì wá fún ohun tí wọ́n bá fi ṣe. Ariwo sọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2024, Suleiman Kawu Sumaila, sẹ́nétọ̀ láti Gúúsù Kánò, sọ tirẹ̀ fún iléeṣẹ́ BBC ní èdè Haúsá. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ, owó oṣù òun ń lé díẹ̀ ní ₦600,000. Ẹ wo bó ṣe bá iye tí Kalu dárúkọ mu. Ó wá fi kún un pé owó ìnáwó ọ́fíìsì tó ń wọlé fóun lóṣù tó ₦21 mílíọ̀nù.

Mo ní láti ṣe òdodo níbí. Owó ìnáwó ọ́fíìsì kì í ṣe owó oṣù, Ilé Aṣòfin Àgbà àti RMAFC sì tọ̀nà nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Aṣòfin nílò ọ́fíìsì, ó nílò ẹni tí yóò máa ṣèwádìí fún un, ó nílò owó ìrìn-àjò sí ẹkùn rẹ̀ àti owó ìpàdé. Kò sí ẹni tó ń san owó ìwé títẹ̀ láti inú owó oúnjẹ ilé rẹ̀. Àmọ́ owó oṣù ní tábìlì, ó ní àjọ tó ń là á sílẹ̀, ó ní abala nínú ìwé òfin. Èyí kejì kò ní ìkankan nínú rẹ̀. Ilé ló ń là á sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú ìnáwó rẹ̀, a kì í sì í rí rìsíìtì ọ̀hún. A ò bá má mọ iye rẹ̀ rárá bí ẹnì kan nínú wọn kò bá sọ̀rọ̀ síta lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́fà.

Ní oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, àwọn aṣojú-ṣòfin kan lọ kí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ nílé rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Bàbá sọ fún wọn lójú ara wọn pé kò tọ́ bí wọ́n ṣe ń fúnra wọn pinnu ohun tí wọ́n ń gbà, nígbà tí òfin ti ní àjọ mìíràn ni kó ṣe é. Ilé Aṣòfin Àgbà ní irọ́ ni. Tí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ àríyànjiyàn náà, ẹ ó rí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ: Bàbá ń sọ gbogbo ohun tó ń wọ àpò, àwọn aṣòfin ń sọ ohun tó wà lójú tábìlì. Bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe lè búra kí ẹnikẹ́ni má parọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ẹ̀bùn oṣù Keje sórí òṣùwọ̀n. Bí a bá fi ti sẹ́nétọ̀ Kánò yẹn ṣe ìwọ̀n, ₦300,000 nínú ₦21.6 mílíọ̀nù kò tó ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní àwọn gé ìdajì. Ìdajì kí ni?

Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù

Mo mú bébà àti báírò, mo ṣe ìṣirò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò ìṣúná 2024, ₦344.85 bílíọ̀nù ni wọ́n kọ síwájú orúkọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀. Ọdún 2024 ní ọjọ́ 366. Pín in, ó di nǹkan bíi ₦942 mílíọ̀nù lójúmọ́, àtọjọ́ ìsinmi àtọjọ́ iṣẹ́.

Gbogbo ìdajì owó oṣù tí Kalu ṣírò fún àwọn 360 fún oṣù mẹ́fà, ₦648 mílíọ̀nù ni. Kò gbọ́ bùkátà odindi ọjọ́ kan. Bí ìnáwó Ilé bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru, ẹ̀bùn oṣù mẹ́fà náà á ti tán pátápátá kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù lọ́jọ́ kan náà.

Mo mọ̀ pé owó yẹn kì í ṣe ti aṣojú-ṣòfin nìkan. Ilé méjèèjì ló wà níbẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ aṣòfin, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ fún wọn, àti ilé tí wọ́n ń kọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ilé tí wọ́n ń kọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí fún Ilé Aṣòfin Àgbà, ₦3 bílíọ̀nù. Ibi ìgbọ́kọ̀sí fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, ₦3 bílíọ̀nù mìíràn. Ibi tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí nìkan ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún ebi ará ìlú.

Èyí tó dùn mí jù kò tilẹ̀ sí nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tí Ààrẹ gbé àbá ìṣúná náà lọ síwájú Ilé ní oṣù Kọkànlá 2023, nǹkan bíi ₦198 bílíọ̀nù ló kọ síwájú orúkọ àwọn aṣòfin. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e jáde padà, ó ti di ₦344.85 bílíọ̀nù. Àlékún náà lé ní ₦146 bílíọ̀nù, ìlọ́po ẹ̀bùn oṣù mẹ́fà lọ́nà 226. Àwọn tó fọwọ́ sí àlékún yẹn ní òpin 2023 ló tún ń fi ₦300,000 sílẹ̀ ní àárín 2024. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n fi kún un. Kò sì sí ẹni tó lè ní kí wọ́n má gé e kù lọ́jọ́ 18 oṣù Keje, torí pé lábẹ́ abala 80 àti 81 nínú ìwé òfin, Ilé ló ń fọwọ́ sí gbogbo kọ́bọ̀ tó bá máa jáde látinú àpò ìjọba àpapọ̀.

Jíìpù ńkọ́? Ọdún 2023 ni wọ́n ra ọkọ̀ tuntun fáwọn aṣòfin, ìròyìn ìgbà náà sì ní jíìpù sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ₦160 mílíọ̀nù. Nígbà táwọn èèyàn pariwo, ẹnì kan nínú wọn dáhùn pé ọ̀nà wa kò dára, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló lè gbà á. Òótọ́ ni pé ọ̀nà wa kò dára. Ẹni tó ń ṣòfin tó sì ń fọwọ́ sí owó ọ̀nà ló ń sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n dákẹ́. Gbogbo ohun tí aṣojú kan yọ̀ǹda láti oṣù Keje dé oṣù Kejìlá, ₦1.8 mílíọ̀nù ni; á yọ̀ǹda irú rẹ̀ nígbà 89 kó tó ra jíìpù kan.

Ẹ̀gbọ́n kan sọ fún mi pé

Mi ò fẹ́ kí ó dà bíi pé ìhà kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ yìí ní. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti bá aṣòfin ṣiṣẹ́ rí, nígbà tí mo ka àwọn ìṣirò yìí fún un, ó jẹ́ kí n kà á tán. Ó wá ní, "Àbúrò, o ṣírò dáadáa, ṣùgbọ́n o ò tíì jókòó sí bàráńdà ọ̀gá mi láàárọ̀ Sátidé rí."

Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ làwọn èèyàn ti máa ń tò síbẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ sanwó ìdánwò. Ọkùnrin tí wọ́n dá òkú bàbá rẹ̀ dúró ní mọ́ṣúárì nítorí gbèsè. Àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe àyájọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ ẹ̀rọ, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ òṣèlú tó wá gba "owó ọkọ̀." Kò sí ẹni tó béèrè òfin tí ọ̀gá ṣe lọ́dún náà. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, ahun ló pe ọ̀gá kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Nítorí náà bí ẹ bá gé owó rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti tíṣà, ẹ̀yin kan náà lẹ máa fi ìbò lé e lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé owó oṣù ₦600,000 ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kí á jẹun.

Mo ti ro ẹ̀rín yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n jẹ òótọ́. A ti sọ aṣòfin di ẹgbẹ́ aláàánú, ẹgbẹ́ ìsìnkú àti báńkì, nítorí pé iléèwé, ilé ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ tó yẹ kó ṣe é kò ṣe é. Àwa aráàlú wà nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé láti inú àpò tí a kò rí ló ti ń ṣàánú, owó wa ló ń fún wa, a sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Èrò kejì tí wọ́n máa ń mú wá ni pé bí owó olóṣèlú bá kéré jù, olówó àti olè nìkan ni yóò kù tó lè du ipò. Èyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Ọmọ tálákà tó mọ̀wé tó sì fẹ́ ṣòfin gbọ́dọ̀ lè fi owó oṣù rẹ̀ tọ́mọ láìjẹ́ pé ó lọ bá ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilé. Kí n má purọ́, bí wọ́n bá ní kí á sọ ₦600,000 di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ní gbangba, kí àpò kejì sì wá sí gbangba pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, màá fọwọ́ sí i lónìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa bínú sí mi fún gbólóhùn yìí. Wọ́n ní nígbà tí ebi ń pa ìlú, a kì í fi kún oúnjẹ ẹni tó yó. Ṣùgbọ́n ẹni tó yó yìí, láti inú abọ́ tí wọ́n gbé sórí tábìlì kọ́ ló ti yó.

Èrò kẹta ni ti àpẹẹrẹ: bó ti wù kó kéré tó, ó dáa kí olórí jẹ́ kí ìlú rí i pé òun náà ń jìyà. Mo gbà. ₦300,000 lóṣù Keje 2024, owó oṣù mẹ́wàá ni fún ẹni tó ń gba ₦30,000. Kì í ṣe owó tí a ń fojú tín-ínrín. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, nínú àwọn 360, ta ló ta ọkọ̀ kan, ta ló dín ìrìn-àjò kù, ta ló yí ohunkóhun padà nínú bó ṣe ń gbé láàárín oṣù mẹ́fà náà? Bí gígé náà kò bá dun ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀, àpẹẹrẹ kí ló fi lélẹ̀? Ẹ sì tún wo ti ìjọba tó kù. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, Ààrẹ kéde pé àwọn tó ń tẹ̀lé òun rìnrìn-àjò sí òkèèrè yóò dín láti 50 sí 20. Inú mi dùn sí i, gígé gidi nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ òfurufú míì, Airbus A330, ti balẹ̀ fún ìlò rẹ̀.

Sàráà tàbí òfin

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2015, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti igbákejì rẹ̀, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ní àwọn máa gba ìdajì owó oṣù. Ní 2020 nígbà kòrónà, Ilé Aṣojú-ṣòfin fi owó oṣù méjì sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta yìí, ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fúnni lónìí lè má fúnni lọ́la, kò sì sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́. Owó oṣù nìkan ni wọ́n sì máa ń fọwọ́ kàn.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà òfin wà, ó sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù Kẹfà 2021, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi SERAP àti BudgIT pẹ̀lú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kí RMAFC gé owó àwọn aṣòfin kù kó lè bá bí ọrọ̀ ajé ṣe rí mu. Ẹ ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i: 2021, ọdún mẹ́ta ṣáájú ẹ̀bẹ̀ Kalu. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda bí àánú ní 2024, adájọ́ ti ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ tipátipá.

Ní ilẹ̀ New Zealand, nígbà kòrónà kan náà, Jacinda Ardern tó jẹ́ olórí ìjọba kéde ní oṣù Kẹrin 2020 pé òun àti àwọn mínísítà òun yóò gba owó oṣù tó dín ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà kan náà pẹ̀lú tiwa. Ṣùgbọ́n wọn kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé aṣòfin wọn ṣe òfin lọ́dún náà tó fún àjọ tó ń pinnu owó oṣù lágbára láti gé e fúngbà díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àjọ ni ó mú ọ̀bẹ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ gé tirẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ilé tó ní àṣẹ lórí àpò gbogbo orílẹ̀-èdè kó owó jọ láàárín ara wọn bí ìgbà tí ẹgbẹ́ alájọ bá ń dáwó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ilé rẹ̀ jóná, wọ́n wá fẹ́ gbé e fún Ààrẹ kó bá àwọn pín in. Kí n má gbàgbé, ìpinnu Ilé kan kò de Ilé kejì, nítorí náà àwọn sẹ́nétọ̀ 109 kò sí nínú ìṣirò náà.

Láàárín kan náà, Ilé méjèèjì fọwọ́ sí owó òṣìṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 29: ₦70,000. Ohun tí mo lè yìn nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà nìyí, torí òfin ni, kò ní oṣù mẹ́fà nínú, wọ́n sì ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa tún un yẹ̀ wò dípò márùn-ún. Ìfẹ̀hónúhàn ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ kò tìtorí rẹ̀ dúró. Wọ́n jáde ní Kánò, ní Àbújá, l'Ékòó àti níbi púpọ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Oṣù Kejìlá

Ní òpin ọdún, Abẹnugan Tajudeen Abbas kéde pé owó tó kó jọ ti lé ní ₦704 mílíọ̀nù, pé Ààrẹ ni Ilé máa fà á lé lọ́wọ́ fún àwọn aláìní. Ó ju ohun tí Kalu ṣírò lọ. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ìyẹn. Olóṣèlú tó bá mú ọ̀rọ̀ ṣẹ láàárín oṣù mẹ́fà kò wọ́pọ̀. Owó náà tó láti san owó oṣù kan ṣoṣo fún nǹkan bí òṣìṣẹ́ 10,000 lórí ₦70,000. Bí wọ́n bá sì pín in kárí gbogbo àwa tí a lé ní 200 mílíọ̀nù, kò ní tó ₦4 fún ẹnì kan.

Ètò ìṣúná 2025 jáde. Iye tí wọ́n kọ síwájú orúkọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni ₦344.85 bílíọ̀nù, ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti 2024.

Ní oṣù Kẹjọ 2025, alága RMAFC bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ l'Ábùjá. Ó ní owó àwọn olóṣèlú ti kéré jù, pé ₦1.5 mílíọ̀nù ni Ààrẹ ń gbà lóṣù, pé owó mínísítà kò tó mílíọ̀nù kan, àti pé láti 2008 ni iye wọ̀nyí ti wà bẹ́ẹ̀; àjọ náà fẹ́ tún tábìlì tò. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fárígá lójú ẹsẹ̀. Èmi ò tíì fárígá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún àwọn tó máa to tábìlì tuntun náà: ₦21 mílíọ̀nù tí sẹ́nétọ̀ Kánò dárúkọ yẹn, ìlà wo ni wọ́n máa kọ ọ́ sí?